Èròjà inú ewé, sepsis àti ọkàn: kí ni ìwádìí sọ gan-an nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri yìí?

Ẹ lè ti rí póòsì yẹn lórí fóònù yín, èyí tó ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí èròjà nínú àtalẹ̀ pupa, nínú awọ èso àjàrà, nínú àlùbọ́sà àti nínú tíì tó máa dáàbò bo ọkàn ẹni tí sepsis bá mú. Àwọn kan ń pín in bí ìròyìn ayọ̀, àwọn kan ní irọ́ gbuu ni, àwọn míì tún ní àwọn dọ́kítà ló ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Nígbà tó bá sì fi máa dé ọwọ́ ẹni kẹrin, "ó lè ṣèrànwọ́" á ti di "ó ń wo sepsis sàn". Ìwádìí tí wọ́n ń tọ́ka sí wà lóòótọ́ o, ó tiẹ̀ pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ibi tí ìwádìí yẹn dúró sí àti ibi tí póòsì gbé e dé jìnnà síra wọn, àárín ibi méjèèjì yẹn sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí ni sepsis gan-an? Ṣé kì í ṣe kí kòkòrò àrùn wọnú ẹ̀jẹ̀ ni?

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nìyẹn, kò jìnnà sí i, àmọ́ kò tíì débẹ̀. Ní 2016, àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè tún ìtumọ̀ ẹ̀ ṣe, wọ́n ní sepsis ni ìgbà tí ara ń bá infẹ́kṣọ̀n jà tí ìjà yẹn wá kọjá ààlà, tí ara fúnra ẹ̀ wá ń ba àwọn ẹ̀yà tó yẹ kó dáàbò bò jẹ́, débi tí ẹ̀mí fi lè bọ́. Ẹ fojú wò ó bí onílé tó gbọ́ ìró olè lóru, tó wá ń yìnbọn káàkiri inú òkùnkùn. Olè lè kú o, àmọ́ ògiri ti lu, ọta ti ba àwọn ọmọ tó ń sùn. Infẹ́kṣọ̀n yẹn lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró, láti ojú ọ̀nà ìtọ̀, láti inú ikùn, kódà láti ojú egbò kékeré, bakitéríà ló sì máa ń fà á jù, àmọ́ fáírọ́ọ̀sì àti fọ́ńgọ́ọ̀sì náà lè fà á.

Kì í ṣe nǹkan kékeré rárá. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 2020 ṣírò pé ní ọdún 2017 nìkan, sepsis mú èèyàn bíi mílíọ̀nù 48.9 kárí ayé, ó sì lọ́wọ́ nínú ikú mílíọ̀nù 11, ìyẹn bí ikú 1 nínú 5 gbogbo ikú ọdún yẹn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ pé wọ́n rí nǹkan tó lè ṣèrànwọ́ fi máa ń yára tàn kálẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sin ẹnì kan torí ẹ̀ láì tiẹ̀ mọ orúkọ ohun tó pa onítọ̀hún.

Kí ló wá kan ọkàn nínú ẹ̀?

Tí sepsis bá le, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ á tú sílẹ̀, BP á já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè dé kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ bó ṣe yẹ. Àsìkò yẹn gan-an ló yẹ kí ọkàn ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àsìkò yẹn náà sì ni ẹran ọkàn fúnra ẹ̀ máa ń rẹ̀ lára àwọn kan. Septic cardiomyopathy ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé iṣan ọkàn dí bíi ti ẹni tí àrùn ọkàn kọlù lójijì o, nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú ẹran ọkàn àwọn aláìsàn yìí láàárín àwọn ọdún 1980, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń débẹ̀ dáadáa. Ọkàn ń rí ẹ̀jẹ̀ gbà, àmọ́ kò lè ṣiṣẹ́ tó.

Ìwádìí tó la ojú àwọn dọ́kítà sí i jáde ní 1984 láti Amẹ́ríkà, lára aláìsàn 20 tí sepsis wọn ti le débi tí BP wọn fi já. Ọkàn tó dáa máa ń tú ìdá bíi 55 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú yàrá ẹ̀ lápá òsì jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù. Lára àwọn tó yè nínú àwọn aláìsàn yẹn, ó já wá sí bí ìdá 32, ọkàn wọn sì fẹ̀ sí i, àmọ́ nígbà tó máa fi tó ọjọ́ 10, ó ti padà sí bó ṣe yẹ. Ibi tó wá yani lẹ́nu ni pé àwọn tó kú gan-an, ọkàn tiwọn ò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi ti ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí ibi tí mo sọ yìí, torí ó máa padà wá da ọ̀rọ̀ èròjà inú ewé rú.

Títí di òní, àwọn dọ́kítà ò tíì fẹnu kò sí ọ̀nà kan tí wọ́n á máa fi sọ pé "ẹni báyìí ní in". Ìdí nìyẹn tí iye tí wọ́n ń sọ fi yàtọ̀ síra wọn gan-an, àwọn ìwádìí kan ní ó ń mú 10 nínú 100 aláìsàn sepsis, àwọn míì ní ó tó 70.

Ní ti ohun tó ń fà á, kò sí ẹyọ ohun kan tí wọ́n lè nawọ́ sí. Àwọn kẹ́míkà tí ara ń tú jáde láti pe ogun, bíi TNF àti IL-1, máa ń dín agbára ẹran ọkàn kù. Nitric oxide, ìyẹn gáàsì kan tí ara ń ṣe tó ń tú iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, á pọ̀ jù. Kálísíọ́ọ̀mù tó ń mú ẹran ọkàn sún kì á lọ kó bọ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Mitochondria, ìyẹn ilé iṣẹ́ kékeré inú sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè agbára, á máa ṣe ségesège, á sì máa tú àwọn èròjà tó ń jẹ sẹ́ẹ̀lì bí omi ṣe ń jẹ irin tó dípẹtà. Gbogbo ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ pọ̀ ni.

Àwọn èròjà wo ni wọ́n ń sọ, iṣẹ́ wo ni wọ́n ní ó ń ṣe?

Wọ́n pọ̀. Curcumin wà nínú àtalẹ̀ pupa, resveratrol nínú awọ èso àjàrà, quercetin nínú àlùbọ́sà àti ápù, EGCG nínú tíì aláwọ̀ ewé, berberine nínú gbòǹgbò àti èèpo àwọn igi kan tí wọ́n máa ń yọrí sí àwọ̀ yẹ́lò. Àwọn míì wá láti inú ewé àti egbò tí àwọn ará Ṣáínà ti ń lò tipẹ́, irú bíi tanshinone tó wà nínú gbòǹgbò danshen, astragaloside nínú astragalus, àti ginsenoside nínú ginseng.

Orúkọ wọn yàtọ̀, àmọ́ ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Wọ́n ní ó ń pa ṣíwíìṣì kan nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ NF-κB, èyí tó jẹ́ pé tó bá tàn, TNF àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n ní ó ń tan òmíràn tó ń jẹ́ Nrf2, èyí tó ń jí àwọn ohun tí ara fi ń gbógun ti ìdípẹtà yẹn. Wọ́n tún ní ó ń dáàbò bo mitochondria, kò sì ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ọkàn kú. Nínú àwo láàbù, gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Lára eku náà, ọkàn eku tó gba èròjà yìí máa ń lù dáadáa ju ti èyí tí kò gbà lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń yè ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ̀yin náà lè rí i pé kì í ṣe àròsọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká béèrè ọ̀rọ̀ eku yẹn dáadáa.

Báwo ni wọ́n ṣe fún eku ní sepsis, ìgbà wo ni wọ́n sì fún un ní oògùn?

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní, wọ́n á gún eku ní abẹ́rẹ́ LPS, ìyẹn èròjà kan tó máa ń wà lára ìta àwọn bakitéríà kan, tí ara bá ti rí i, á rò pé bakitéríà ti wọlé. Èkejì, wọ́n á la ikùn eku, wọ́n á so apá kan ìfun ẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ dá ihò sí i kí ìgbẹ́ máa jò sínú ikùn, èyí sì jọ ti èèyàn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìṣòro wà nínú méjèèjì. Eku kì í tètè gba LPS sára bíi ti èèyàn. Tí wọ́n bá fún èèyàn tó yọ̀ǹda ara ẹ̀ fún ìwádìí ní nánógíráàmù 2 sí 4 fún kílò kan, ibà á mú un, ara á máa gbọ̀n ọ́n, orí á máa fọ́ ọ. Eku tí wọ́n ń lò nínú irú ìwádìí yìí sábà máa ń gba bíi mílígíráàmù 10 fún kílò kan, ìyẹn ju ìlọ́po mílíọ̀nù kan lọ. Ohun tó bá gba eku lọ́wọ́ irú ìjì bẹ́ẹ̀ lè máà jẹ́ ohun tó máa gba èèyàn, torí ìjì méjèèjì ò jọ ara wọn.

Àwọn eku yẹn náà kì í sábà jọ aláìsàn wa. Eku kékeré tí ara ẹ̀ le ni, ìyá kan bàbá kan ni gbogbo wọn, kò ní ṣúgà, kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí kò gba antibáyọ́tíìkì bẹ́ẹ̀ ni kò gba dírípù. Ẹni tó wà ní ICU, ìyẹn wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an ní ọsibítù ńkọ́? Àgbàlagbà ni lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti ní àrùn mìíràn lára tẹ́lẹ̀, oògùn bíi mẹ́wàá ló sì ń wọlé sí i lára lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tó ká mi lára jù rèé, òun ló sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ wò tó bá ka irú ìwádìí bẹ́ẹ̀: ìgbà wo ni eku yẹn gba èròjà? Nínú ọ̀pọ̀ wọn, eku ti ń mu èròjà náà ní wákàtí mélòó kan ṣáájú, ọjọ́ mélòó kan nígbà míì, kí wọ́n tó fún un ní sepsis. Wọ́n ti kọ́ odi kí ogun tó dé. Èèyàn kì í mọ ọjọ́ tí sepsis máa mú òun. Nígbà tó bá fi máa délé ìwòsàn, ṣíwíìṣì NF-κB yẹn ti tàn tipẹ́, iná ti ràn dé òrùlé. Èròjà tó ń dènà iná lè máà mọ bí wọ́n ṣe ń pa iná.

Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ń bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ eku yìí o. Ní 2013, ìwádìí kan nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì PNAS ní bí jíìnì eku ṣe ń dáhùn sí irú àìsàn báyìí ò jọ ti èèyàn rárá. Nígbà tó di 2014, àwọn míì gbé àkọsílẹ̀ kan náà, wọ́n fi ọ̀nà mìíràn ṣírò ẹ̀, wọ́n ní ó jọ ọ́ gan-an. Àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, ìdáhùn méjì.

Ṣé wọn ò tíì gbìyànjú irú ẹ̀ rí ni?

Wọ́n ti gbìyànjú, ìtàn yẹn sì ni àwọn dọ́kítà ICU ń rántí tí ara wọn ò fi yá gágá. Ní 1998 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Bruce Beutler, àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ rí TLR4, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ̀ pé LPS ti dé, ó sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2011. Ọ̀pọ̀ èròjà inú ewé tí wọ́n ń sọ yìí, TLR4 yẹn ni wọ́n ní ó ń dí. Oògùn kan wà tí wọ́n dìídì ṣe láti dí i, eritoran lorúkọ ẹ̀, ó ṣiṣẹ́ lára ẹranko, ó dí TLR4 lóòótọ́. Wọ́n dán an wò lára aláìsàn 1,961, èsì jáde ní 2013, iye àwọn tó kú lára àwọn tó gbà á ò dín sí ti àwọn tí kò gbà á.

Levosimendan ńkọ́? Oògùn tó ń fún ọkàn lágbára ni. Wọ́n fún àwọn tí sepsis ti já BP wọn nínú ìwádìí aláìsàn 516 tó jáde ní 2016, kò gba ẹ̀yà ara wọn là ju ti àwọn yòókù lọ.

Fáítámì C gan-an ni àpẹẹrẹ tó yẹ kó dúró sí wa lọ́kàn, torí òun náà ń bá ìdípẹtà jà bí àwọn èròjà yìí. Ní 2017, ìwádìí kékeré kan tó fi aláìsàn 47 wéra pẹ̀lú 47 míì ní nǹkan àrà ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá fi kún ìtọ́jú sepsis, ariwo sì ta kárí ayé. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìdánwò ńlá lára aláìsàn 872, tó jáde ní 2022, ìdá 44.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba fáítámì C ló kú tàbí tí ẹ̀yà ara wọn ò tíì padà bọ̀ sípò lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, nígbà tó jẹ́ 38.5 lára àwọn tí kò gbà á. Kì í ṣe pé kò ṣiṣẹ́ nìkan, nǹkan tiẹ̀ tún burú sí i.

Àtalẹ̀ pupa tí à ń jẹ ńkọ́, ṣé kò lè ṣe é?

Ara ò fẹ́ gba curcumin ni. Ní 1998, wọ́n fún àwọn èèyàn ní gíráàmù 2, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i níbẹ̀ rárá, torí ìfun ò gbà á wọlé, ìwọ̀nba tó wọlé ni ẹ̀dọ̀ tún yára yí padà. Nígbà tí wọ́n fi piperine inú ata dúdú kún un, ó lọ sókè ní ìlọ́po bíi 20, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ta kápsù fi máa ń po méjèèjì pọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ tí piperine ń ṣe ni pé ó ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀dọ̀ yẹn kan náà ló sì ń bá ara tú àwọn oògùn yòókù. Fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹ̀ ti ń jákulẹ̀ torí sepsis, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ohun mìíràn tún wà. Àtúpalẹ̀ kan tó jáde nínú Journal of Medicinal Chemistry ní 2017 ṣàlàyé pé curcumin wà lára àwọn èròjà tó máa ń tan àyẹ̀wò láàbù jẹ, á dà bíi pé ó ń bá pùròtéènì kan ṣiṣẹ́, kó má sì rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní nínú ìdánwò tó lé ní 120 tí wọ́n ti ṣe lórí ẹ̀ lára èèyàn, fún oríṣiríṣi àìsàn, kò sí èyí tí wọ́n ṣe lọ́nà tó le jù, tí aláìsàn àti dọ́kítà ò mọ ẹni tó gba oògùn gidi, tó yọrí sí rere. Àwọn kan nínú iṣẹ́ náà ò fara mọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ yẹn, wọ́n ní ó le jù, pé bí wọ́n ṣe ń pò ó ló yẹ kí wọ́n tún ṣe.

Ṣé kò wá sí èyí tó ti ṣiṣẹ́ lára èèyàn rárá ni?

Ó wà, àwọn tó ń ta ko ọ̀rọ̀ yìí látòkè délẹ̀ kì í sì í sábà mẹ́nu bà á. Xuebijing ni. Abẹ́rẹ́ dírípù tí wọ́n fi egbò àti òdòdó 5 ṣe ni, danshen wà nínú wọn, Ṣáínà sì ti fọwọ́ sí i láti 2004. Wọ́n dán an wò ní ọsibítù 45 níbẹ̀, lára aláìsàn sepsis tó lé ní 1,800, àwọn kan gba Xuebijing, àwọn kan gba omi dírípù lásán, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó gbà. Nínú èsì tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Internal Medicine ní 2023, láàárín ọjọ́ 28, ìdá 18.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á ló kú, 26.1 lára àwọn tí kò gbà á. Nǹkan ńlá nìyẹn nínú ọ̀rọ̀ sepsis.

Àmọ́ Ṣáínà nìkan ni wọ́n ti ṣe é, àwọn onímọ̀ ibòmíì ní àwọn fẹ́ rí i kí wọ́n tún un ṣe níbòmíràn kí àwọn tó gbà. Àdàlù ni, kò sẹ́ni tó lè sọ pé èròjà báyìí ló ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀. Inú iṣan ni wọ́n ń fún un sí, wọn kì í mu ún. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọkàn ni ìdánwò náà dìídì wò, ẹni tó kú àti ẹni tó yè ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá gbé èsì yìí, tó wá fi ń polówó kápsù àtalẹ̀ pupa, ọ̀rọ̀ méjì tí kò jọ ara wọn ló so pọ̀.

Kí ni àwọn tó gbà á gbọ́ ń sọ, kí sì ni ìdáhùn àwọn yòókù?

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí yìí ní oògùn tó ń lé ẹyọ ohun kan ṣoṣo ti kùnà léraléra, bíi eritoran, torí ohun púpọ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ pọ̀ nínú sepsis, nítorí náà èròjà tó ń fọwọ́ kan ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló bọ́gbọ́n mu. Wọ́n tún máa ń rán wa létí pé inú ewé ni digoxin, oògùn ọkàn, ti wá, William Withering kọ̀wé nípa òdòdó foxglove ní 1785, àti pé Tu Youyou yọ artemisinin inú ewé jáde fún ibà ní àwọn ọdún 1970, ó sì gba Nobel torí ẹ̀ ní 2015. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀.

Ìdáhùn àwọn yòókù ni pé artemisinin ò dúró sára eku, wọ́n yọ ọ́ lọ́tọ̀, wọ́n wọn ìwọ̀n ẹ̀, wọ́n dán an wò lára èèyàn. Wọ́n ní digoxin náà, díẹ̀ ló wà láàárín èyí tó ń woni sàn àti èyí tó ń pani. Wọ́n tún ní "ó ń fọwọ́ kan ibi púpọ̀" lè túmọ̀ sí pé a ò mọ ibi tó ń fọwọ́ kàn.

Ẹgbẹ́ kẹta wà, wọn kì í pariwo, tiwọn ló sì wọ̀ mí lára jù. Àwọn yìí ń béèrè pé: ṣé ọkàn yẹn ń bà jẹ́ lóòótọ́ ni, àbí ó ń sinmi? Ìwádìí kan ní 2013 yẹ ọkàn àwọn tí sepsis pa wò lẹ́yìn ikú wọn, sẹ́ẹ̀lì ọkàn tó kú tí wọ́n rí ò tó nǹkan. Ẹ tún wá rántí àwọn aláìsàn 1984 yẹn, àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀ jù ló yè, ó sì padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ 10. Ó lè jẹ́ pé ọkàn mọ̀ọ́mọ̀ ń dín iṣẹ́ kù kó má bàa kú ni, bí ẹni tó pa ẹ̀rọ kan nílé nígbà tí iná ò tó. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwádìí tó ń fi yangàn pé èròjà òun ò jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ọkàn kú, ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lára èèyàn ló ń dí, oògùn tó bá sì fipá mú ọkàn yẹn dìde lè máa ṣe é léṣe. Wọn ò tíì yanjú ẹ̀.

Kí ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀ báyìí?

Kò sí oògùn kan tó jẹ́ ti ọkàn inú sepsis nìkan. Ìlànà àgbáyé tó jáde ní 2021 ní kí ẹni tí BP ẹ̀ ti já gba antibáyọ́tíìkì láàárín wákàtí 1, kó gba omi dírípù, kó gba norepinephrine, oògùn tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, tí omi ò bá gbé BP sókè, kí wọ́n wá fi dobutamine, oògùn tó ń mú ọkàn lù dáadáa, kún un tí ọkàn ò bá ṣiṣẹ́ tó. Kí wọ́n sì wá ibi tí infẹ́kṣọ̀n náà ti ń jáde, kí wọ́n fa ọyún ibẹ̀ tàbí kí wọ́n gé e. Ìlànà yẹn tún dábàá pé kí wọ́n má fún aláìsàn ní fáítámì C tàbí levosimendan. Kò sí curcumin, resveratrol tàbí berberine nínú ẹ̀.

Àmì pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì ni kí èèyàn máa sọ̀rọ̀ tí kò já mọ́ra, kí ara máa gbọ̀n tàbí kí iṣan máa ro ó gan-an, kó má tọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kí mímí nira, kí awọ ara yí padà tàbí kó tutù. Ẹni tó bá ní infẹ́kṣọ̀n tó wá ń ṣe báyìí, ọsibítù ló kàn.

Ẹni tó ti ń lo kápsù èròjà inú ewé yìí tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Àwọn dọ́kítà ti ṣàkọsílẹ̀ àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn bà jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lo kápsù àtalẹ̀ pupa. Danshen máa ń mú kí warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, débi tí ẹ̀jẹ̀ fi lè máa dà lára èèyàn. Tó bá di pé wọ́n gbé ẹnì kan dé ICU, àwọn tó wà níbẹ̀ á béèrè oògùn tó ń lò, àwọn ẹbí á ka ti ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á ka ti ṣúgà, wọn ò ní rántí ti ewé torí wọn ò kà á sí oògùn. Ẹ sọ ọ́. Tí ẹ bá rí igo ẹ̀ nílé, ẹ mú un dání lọ, kí wọ́n lè ka ohun tó wà lára ẹ̀ fúnra wọn.